Àpótí Kẹrin

Kútẹ́ẹ̀sì náà ò tíì gbẹ.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ tún fi ìka kàn án, àwọ̀ búlúù sì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó gbé e símú. Òórùn rẹ̀ ṣì ń ta sánsán. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ti kun àwọn nọ́ọ̀tì mẹ́rin yìí, òní sì ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo méjì ọ̀sán. Kútẹ́ẹ̀sì wo ló ń fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀dà èékánná ń wá nídìí ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yẹn, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ìwòsàn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́, àfi ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga ju ti àwọn ojúgbà rẹ̀ lọ. Àwọn yòókù ń pè wọ́n ní Ẹgbẹ́ Olójú-Mẹ́rin, torí pé gbogbo wọn pátá ló ń lo awò, wọn ò sì mọ ẹ̀fẹ̀. Wọ́n á lọ kó ẹ̀rọ tó ti kú ní ilé ìwòsàn, wọ́n á jí i, wọ́n á dá a padà. Ẹni tó bá tún ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe tán á de nọ́ọ̀tì rẹ̀, á sì kán kútẹ́ẹ̀sì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tú nọ́ọ̀tì náà lẹ́yìn ìyẹn, kútẹ́ẹ̀sì á sán, àṣírí á tú. Ẹni tó tún un ṣe gan-an ò gbọ́dọ̀ ṣí i mọ́, títí ẹlòmíì á fi dán an wò.

Búlúù ni ti Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Ìgò kútẹ́ẹ̀sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń lò.

Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló bímọ lóṣù keje oyún rẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Àpótí mẹ́rin ni ilé ìwòsàn ní fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, àpótí onígíláàsì tó máa ń móoru bí inú ìyá. Mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ ló jọ wà nínú ọ̀kan, ojoojúmọ́ ló sì ń fọn sí i. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: bí àpótí kẹrin ò bá dé lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n máa múra ọkàn wọn sílẹ̀. Àpótí kẹrin yẹn ló wà níwájú Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ yìí.

Ó wo yàrá iṣẹ́ yíká. Kò sẹ́nì kankan. Abọ́ oúnjẹ tí àǹtí rẹ̀ gbé wá fún un lọ́sàn-án wà lórí tábìlì, ó ti jẹ ẹ́ tán. Ife omi tí àǹtí náà ní kó lọ bu wá fún òun nísàlẹ̀, pé òùngbẹ ń gbẹ òun, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ó na ọwọ́ sí tẹmómítà kó lè mú un kúrò níbẹ̀. Ìka rẹ̀ ti kú tipiri, ó tutù bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ yìnyín. Tẹmómítà bọ́, ó fọ́.

Ọdún méjì ló ti wà nínú yàrá yẹn, nǹkan ò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn.

*

Ẹ má rò pé mo fẹ́ fi ẹni tó lọ ki oògùn bọ àpótí ọmọ ọlọ́mọ pamọ́ fún yín. Igbákejì ààrẹ ẹgbẹ́ ni. Òun ló kọ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi irin gbígbóná jó wáyà pọ̀, inú páálí bisikíìtì kan ni wọ́n sì jọ ń kó ọwọ́ sí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Ọdún mẹ́ta ló fi gbálẹ̀ yàrá iṣẹ́ yẹn, tó ń kọ ìwé ìpàdé, tó ń gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ gun àtẹ̀gùn. Àṣà wọn ni pé ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá jáde láìlábùkù lọ́dún tí ààrẹ bá ń lọ ni yóò rọ́pò rẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Ẹ̀rọ tí Igbákejì tún ṣe, èyí tí wọ́n fi ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò lọ́fun aláìsàn, ké bí ewúrẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò dénú. Àpótí kẹrin nìkan ló wá kù; bí òun náà bá kùnà, igbákejì ni ipò ààrẹ máa bọ́ sí lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ló gba ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aláago lọ. Ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ni, láàárín ẹni tó ń ta bàtà àti ẹni tó ń ya fọ́tò. Aago bí ogójì ló wà lára ògiri, kò sì sí méjì tó ń sọ àkókò kan náà. Àwọn tó mọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe aago nìkan ni bàbá náà ń tún ṣe. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan dúró, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú un rìn.

"Mi ò ní kí ẹ ṣe é léṣe o, Bàbá," ni Igbákejì sọ. "Kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ṣáà má yọrí ni."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Bàbá ò gbójú sókè. Awò kékeré tó fi ń wo inú aago wà lójú rẹ̀ kan. "Irú iṣẹ́ wo ni?"

"Ẹ̀rọ ni, sà. Ó máa ń móoru."

"Ṣé ọmọdé ń sùn síbẹ̀?"

Igbákejì fà sẹ́yìn. Ta ló dárúkọ ọmọdé? "Rárá o, sà. Ẹ̀rọ lásán ni."

Ọ̀kan nínú àwọn aago ara ògiri dúró. Bàbá wò ó, ó sì wo Igbákejì. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ nǹkan kan tí kò ju àtàńpàkò lọ, tí wọ́n fi òwú dúdú wé, tó fúyẹ́ bí ìgbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

"Ibi tí ooru ti ń jáde ni kó o fi sí. Bí ibẹ̀ bá ṣe ń móoru sí i, bẹ́ẹ̀ lọwọ́ ẹni tó niṣẹ́ á máa tutù. Àmọ́ gbọ́ mi dáadáa o. Bí ọmọdé bá fẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ló máa mú mọ́. Ọmọ náà ló máa mú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà tí yàrá iṣẹ́ ṣófo, Igbákejì tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó ki nǹkan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń móoru, ó dè é padà. Kútẹ́ẹ̀sì búlúù tó jọ ti Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni òun náà rà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbẹ, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ó ń ṣọ́ ọwọ́ ọmọbìnrin náà bí ológbò ṣe ń ṣọ́ eku. Kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ náà ń ṣiṣẹ́ geere, ẹni tó ni ín tún ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Igbákejì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bàbá yẹn fi òun ṣeré ni, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀. Ìtìjú náà wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́.

*

Àbúrò ìyá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni Àǹtí Aránṣọ. Òun ló tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń tú u tó ń tò ó, ìdí ẹ̀rọ yẹn náà sì ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ di sukudíráfà mú, ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n máa ń sọ nǹkan nípa àǹtí yìí. Wọ́n ní ẹni tó bá wọ aṣọ tó rán lọ síwájú adájọ́, kì í jẹ̀bi ẹjọ́. Bí wọ́n bá bi í, á ní ojú rírán ló dáa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sáré wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"O dé? Ṣé kì í ṣe pé oúnjẹ yẹn ò yó ẹ?"

"Ó yó mi, Àǹtí. Ẹ wo ọwọ́ mi."

Àǹtí gbá ọwọ́ náà mú, ó sì jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú fèrèsé ló ń wò, kò wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹnì kan ti ki ọwọ́ bọ iṣẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀, mà. Wọ́n tú u, wọ́n tún kùn ún padà. Mo fẹ́ lọ ṣí i ní báyìí, kí n yọ ohunkóhun tó bá—"

"O ò gbọ́dọ̀ dán an wò!" Ariwo náà kọjá bó ṣe yẹ. Àǹtí rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọwọ́ tó fi í síbẹ̀ ni kó yọ ọ́. Bí ọwọ́ mìíì bá yọ ọ́, á tẹ̀ lé ẹni náà délé. Á gba ìbùsùn lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ọwọ́ ẹni tó fi í síbẹ̀ ńkọ́?"

Àǹtí ń yí irin kékeré tí àwọn aránṣọ máa ń fi bọ ìka kiri lórí ìka rẹ̀. "Kò ní mọ ooru, kò ní mọ òtútù, kò ní mọ ìrora mọ́. Á dà bí igi."

"Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ń gbé e lọ, Àǹtí. Ọmọ wa ló ń wọ̀ ọ́."

"Ṣé èmi ni ò mọ̀ pé ọmọ wa ni?" Ó kẹ̀yìn sí i. "Wá ẹni náà rí. Kó wá fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ẹrù ẹ̀."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ rìn padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lábíyá. Gbogbo ẹni tó bá pàdé, ó ń wo èékánná wọn.

*

Ní ìpàdé ọjọ́rú, ó ṣe ohun tí kì í ṣe. Ó kó ọ̀rọ̀ ilé wá síta.

"Mi ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀," ló wí, ojú rẹ̀ ń lọ láti orí ẹnì kan dé èkejì. Márùn-ún péré ni wọ́n nínú yàrá. "Ọmọ tó kọ́kọ́ máa wọ àpótí yìí lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìlọ́po méjì ọwọ́ mi ni gbogbo gígùn ẹ̀."

Gbogbo wọn kọjú sí i. Pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á dá a sí. Ààrẹ, obìnrin aláriwo kan tó ń lọ lọ́dún yẹn, tilẹ̀ dì mọ́ ọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ò wo ojú rẹ̀. Àpótí ló ń wò, bisikíìtì sì dúró sí i lẹ́nu.

Ó dun Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wọ egungun. Nínú gbogbo wọn, Igbákejì ló wù ú kó má jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ? Ìwòkuwò kì í ṣe ẹ̀rí, ẹni tó bá sì tọ́ka sí olè láìrí ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n máa mú. Igbákejì gan-an ló tún kàn láti dán àpótí náà wò lọ́la.

Kò tíì pé wákàtí kan tí Igbákejì fi dé ṣọ́ọ̀bù aago. Aago ọjọ́sí ò tíì rìn.

"O purọ́ fún mi," ni Bàbá wí kó tó jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé ọmọ ẹnì kan tí mo mọ̀ ni. Láti àná lọwọ́ ọmọbìnrin tó ni ẹ̀rọ yẹn ti ń tutù, ó ń fọ́ nǹkan kiri..."

"Láti ìgbà wo?"

"Àná, sà."

"Ìgbà wo lo fi sí i?"

"Ọjọ́ Àìkú."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá yọ awò kúrò lójú. Ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kéré, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀. "Irọ́ tó o pa ti pa oògùn yẹn. Òkú lásán lo gbé síbẹ̀. Bó bá jẹ́ àná ló bẹ̀rẹ̀, á jẹ́ pé nǹkan mìíì ló wọlé lọ bá a níbẹ̀, tó lọ jí i. Àwọn méjèèjì ló ń jà báyìí, ọwọ́ ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n fi ń ṣe pápá."

"Nǹkan ta ni, Bàbá?"

"Kì í ṣe tèmi. Lọ mú tìẹ kúrò kí ọmọ yẹn tó wọbẹ̀."

"Ọwọ́ mi ńkọ́?"

"Ṣebí ìwọ lo ní ẹ̀rọ lásán ni," ni Bàbá dá a lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlẹ̀kùn.

*

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n tan àpótí náà láti àárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ kọ mẹ́rìndínlógójì, tẹmómítà márààrún tó wà nínú rẹ̀ náà sì kọ mẹ́rìndínlógójì. Ó ku nǹkan kan. Àṣà ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó ń dán ẹ̀rọ wò á fi ara tirẹ̀ náà wò ó, torí pé tẹmómítà lè ṣìnà.

Igbákejì ká apá aṣọ sókè. Ó ki apá bọ ihò ẹ̀gbẹ́ àpótí.

Òtútù náà gbá a dé èjìká.

"Ó... ó tutù."

"Tutù kẹ̀?" Ààrẹ ki apá tirẹ̀ bọ ihò kejì. "Ṣé orí ẹ pé? Ó móoru dáadáa. Buwọ́ lù ú jàre, ebi ń pa mí."

Àwọn méjì yòókù náà fọwọ́ kàn án. Ó móoru. Igbákejì mú bírò. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lórí káàdì tó máa yàn nínú wọn: ó yege, tàbí ó kùnà. Bó bá kọ kùnà, ohun tó ń wá láti ọjọ́ yìí ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ọmọ yẹn á kàn máa fọn lọ nínú àpótí alájọpín ni. Bó bá sì kọ yege, ọmọ á fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́la.

"Igbákejì," ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ pè é jẹ́jẹ́. "Bí ọmọ yẹn bá di ìka mi mú, ọwọ́ ẹ̀ kì í ká a tán."

Igbákejì ju bírò sílẹ̀. "Ẹ fún mi ní sukudíráfà."

"O fẹ́ tú ẹ̀rọ tó yege?" Ààrẹ lanu sílẹ̀.

"Ohun tí mo fi sínú ẹ̀ ni mo fẹ́ mú."

Ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó ki ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ó yọ nǹkan dúdú náà. Ojú ti wá ń tì í débi pé kò fẹ́ gbójú sókè, ṣùgbọ́n ó tún yẹjú wo inú ibẹ̀, ó sì ta gìrì.

"Ọ̀kan ni mo fi síbẹ̀," ló sọ. "Ọlọ́run ló gbọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni. Méjì ló wà níbí."

Ó fẹ́ fi ọwọ́ ti tábìlì kó lè dìde. Orí irin tí wọ́n fi ń jó wáyà, tó ti ń gbóná láti àárọ̀, ló gbé ọwọ́ lé. Èéfín rú. Òórùn ẹran jíjó gba yàrá. Ààrẹ figbe ta, àwọn yòókù sáré wọ́ ọ kúrò níbẹ̀, òun sì ń bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ò lè rìn. Ó ti yọjú wo inú àpótí. Òwú funfun ni wọ́n fi wé èkejì, ó mọ́, ó gún régé. Wọ́n yí ìparí òwú náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì fi eyín gé e. Ó wolẹ̀ wo bọ́tìnnì àyà aṣọ rẹ̀, èyí tí àǹtí rẹ̀ rán. Bí wọ́n ṣe parí òwú tibẹ̀ náà nìyẹn.

Ó rántí ife omi tí ẹnikẹ́ni ò mu.

*

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ fóònù. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n fi gbé e.

"Ṣé wọ́n ti yọ ọ́?"

"Àǹtí, mi ò tíì kí yín o. Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún lẹ́yìn fóònù dáwọ́ dúró.

"Ìgbà tí mo lọ bu omi ni, àbí?"

"Mo lálàá pé ẹnì kan ń tú àpótí ẹ." Àǹtí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo ní kí n fi ẹ̀ṣọ́ sí i fún ẹ. Mi ò mọ̀ pé nǹkan ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Ìgbà tí mo di ọwọ́ ẹ mú ni mo mọ ohun tí mo ti ṣe."

"Ẹ wá jẹ́ kí n máa wo gbogbo ayé ní ìwò ọ̀tá, ẹ̀yin sì wà níbẹ̀! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Ọwọ́ yìí ni mo fi tọ́ yín."

"Ọmọ yẹn ńkọ́, mà?"

Fóònù dákẹ́. Nínú àwọn méjèèjì, kò mọ ẹni tó pa á.

Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ ilé ìwòsàn máa dé. Láti agogo méje ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti jókòó ti àpótí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò sí níbẹ̀, wọ́n wà lọ́dọ̀ Igbákejì níbi tí wọ́n ti ń di ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ààbọ̀ lẹ́yìn agogo mẹ́jọ, ó mọ̀ pé àǹtí òun ò wá. Kí nǹkan náà kúkú tẹ̀ lé òun délé, kó wá gba ìbùsùn lọ́wọ́ òun. Ó mú sukudíráfà pẹ̀lú ìka tí kò fẹ́ ká. Ó bọ́. Ó tún ṣà á.

Bàtà dún lórí àtẹ̀gùn.

Àǹtí Aránṣọ wọlé. Kò kí i, òun náà ò kí Àǹtí. Obìnrin náà bọ́ irin kékeré kúrò lórí ìka rẹ̀, ó rọra gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife omi.

"Gbé sukudíráfà yẹn wá," ló wí, ó na ọwọ́. "Ìwọ bọ́ síta."

*

Àpótí kẹrin ń ṣiṣẹ́ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Ọmọ náà ti sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni ààrẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì ti padà bọ̀ sípò. Igbákejì ò dé yàrá iṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní ó máa ń gbé ọwọ́ rẹ̀ síwájú, á máa wò ó bí ẹrù ẹlòmíì.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn oṣù kan ó lé, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ yà ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lábẹ́ aṣọ ìbora. Àǹtí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ rán fìlà funfun kékeré kan, inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ bí ọmọ náà ṣe rẹ́rìn-ín sí òun láàárọ̀.

"Funfun ni mo yàn. Àbí kò dáa?"

"Ó dáa, mà."

Abẹ́rẹ́ ti gba inú fìlà kọjá wọ ìka rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń tàn lára aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Àǹtí ṣì ń rẹ́rìn-ín, kò mọ̀.

Ojú Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kún fún omijé. Ó kúnlẹ̀, ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó fi aṣọ rẹ̀ nu ìka àǹtí rẹ̀, ó sì gba fìlà. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín parí ẹ̀."

Ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì tọ ìṣẹ́tí fìlà náà yípo, ibi kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀.

Àǹtí rí i.